Ihò tí Mo Lu sí Ọkọ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti fi mí han ìyá rẹ̀, mo lu ọkọ̀ ojú omi ìyá náà jò. Kì í ṣe àsọdùn. Àtàǹpàkò mi ni mo fi lù ú. Títí dòní, bí a bá pé jọ nílé ọkọ mi tí a sì ń ṣeré, ìtàn yìí ni wọ́n máa ń ní kí n sọ, àwọn fúnra wọn ni yóò sì máa já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ló fà á. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá àyẹ̀wò. Kì í ṣe ọ̀dà ilé ni tiwa, ọ̀dà irin ni: ti táǹkì, ti afárá, ti ọkọ̀ ojú omi. Èmi ni mo máa ń kun ọ̀dà sára àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké, n ó wá fi ọ̀bẹ fa ilà sí i títí yóò fi kan irin, n ó sì gbé e sínú àpótí kan tí omi iyọ̀ ti ń sẹ̀ bí ìrì tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà, n ó máa ṣọ́ bí ìpáàrà yóò ṣe máa rá láti ojú ilà náà wọ abẹ́ ọ̀dà lọ. Ọ̀dà tí kò bá jẹ́ kó rìn jìnnà ni ọ̀dà gidi. Bàbá mi, tó máa ń jí kúrò nílé wa ní Itamaga kí àkùkọ tó kọ kó lè tètè dé ọ́fíìsì rẹ̀ lérékùṣù Èkó, a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi yìí, ńṣe ni wọ́n gbà á síṣẹ́ kó máa wo irin bó ṣe ń jẹrà."

Olùkọ́ ni àfẹ́sọ́nà mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ilé àwọn Mùsùlùmí tó ti ń fi ọ̀sà jẹun láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Àlàájà, ń ta ẹja tútù àti ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Ohun tí wọ́n fi mọ Àlàájà létí omi ni ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ pákó ni àwọn yòókù ń lò, irin ni tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà nígbà tí wọ́n ń kógbá wọlé. Òun ló ń kó àwọn ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú agbọ̀n àti yìnyín wọn láti àwọn abúlé òdìkejì omi wá sọ́jà. Àkọ́bí Àlàájà, ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi, ló ń wà á.

"Bí o bá fẹ́ kí Màámi fẹ́ràn rẹ," àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi bí a ti ń kọjá Imota, "yin ọkọ̀ rẹ̀. Má yin aṣọ rẹ̀, má yin ilé rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni kó o yìn."

Nígbà tí a dé ọjà, Àlàájà jókòó láàárín àwọn agbọ̀n ẹja, obìnrin pupa, tó sígbọnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ borí ariwo gbogbo. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ Ìkòròdú, káàbọ̀. Wọ́n ní ọ̀dà lò ń kùn."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo máa ń yẹ ọ̀dà wò ni, mà."

"O máa ń yẹ ọ̀dà wò." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ni ọ̀dà ṣe tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ wá wo ọkọ̀ mi."

Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní purọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ aró àti funfun, ó ń dán lórí omi bí abọ́ tuntun. Mo yìn ín bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Inú Àlàájà dùn, ó fà mí lọ́wọ́ pé kí n bọ́ sínú rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bọ́ sínú rẹ̀ ni mo ti rí i, lára irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, nísàlẹ̀, níbi tí pákó ìtẹ́lẹ̀ ti kàn án: ọ̀dà funfun náà wú bí eéwo. Ẹni tó bá ti ń wo irú eéwo bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí èèyàn ṣe ń tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀.

Àtàǹpàkò mi wọlé. Mo rí i pé omi ọ̀sà ni mò ń fọwọ́ kàn lódìkejì. Nígbà tí mo fà á yọ, omi tẹ̀ lé e, ó tú yàà sí mi láyà.

Àfẹ́sọ́nà mi figbe ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò sókè. Àlàájà kò pariwo. Ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó ká a jọ bí òṣùká, ó fi dí ihò náà, ó sì jókòó, ó fẹ̀yìn tì í. Láti orí ìjókòó yẹn ló ti ń pàṣẹ. Ó ní kí ẹnì kan ju okùn, kí ẹnì kan gbé ọ̀pá, kí wọ́n ti ọkọ̀ sórí yanrìn. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ tán, ó dìde, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbindingbindin, ó gba ilé lọ, àwa náà sì tẹ̀ lé e.

Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè dè mí. Ó dùn. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lanu. "Màámi, mo ti ń sọ ọ́. Ọkọ̀ yìí ti tán. Ẹ jẹ́ ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Àlàájà ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kọjú sí mi.

"Ìwọ lo lù ú, àbí irọ́ ni mo pa?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà."

"N kò bínú. Ìwọ lo lù ú, ìwọ lo máa dí i. Ìgbà tó o bá dí i tán la ó wá jókòó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Ìkòròdú, àfẹ́sọ́nà mi ń bẹ̀ mí títí ẹnu fi ń ro ó. Kò mọ̀ pé inú mi ń dùn. Irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Odindi ọkọ̀ ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n bá mi ká gbogbo pákó ìtẹ́lẹ̀ kúrò. Ohun tí a rí lábẹ́ rẹ̀ mú kí òun gan-an fọwọ́ lérí. Omi pupa wà níbẹ̀, omi yìnyín àti omi ẹja àti omi iyọ̀ tó ti ń jò láti inú agbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò rọ́nà jáde. Irin ibẹ̀ ti di ìpele-ìpele bí èèpo igi, bí o bá fọwọ́ họ ọ́, yóò ṣí lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìta ni Àlàájà ti ń kùn lọ́dọọdún, ìta sì le dáadáa. Inú ni ikú wà.

Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo ìpáàrà kan, ó fi ìka rún un. "Kí ló ń jẹ ẹ́?" Ó béèrè lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Mo jókòó tì í létí ọkọ̀. "Màámi, inú erùpẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń fi iná yọ irin. Kò gbàgbé ibẹ̀. Bí omi àti atẹ́gùn bá ti pàdé lára rẹ̀, ńṣe ló máa ń fẹ́ padà di erùpẹ̀ pupa tó jẹ́ tẹ́lẹ̀."

"Bí ìyàwó tó bínú, tó ń di ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà. Iyọ̀ ló sì ń bá a di ẹrù náà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀dà wá ńkọ́?"

"Ọ̀dà ló ń tilẹ̀kùn, kí omi àti atẹ́gùn má bàa rí i. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá kùn ún lé orí ìpáàrà àti iyọ̀, inú ilé ló ti olè mọ́."

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni mo rò pé yóò ṣòro láti ṣàlàyé, pé iyọ̀ tó bá kù sábẹ́ ọ̀dà, bó ti wù kó kéré, yóò máa fa omi la ọ̀dà kọjá títí yóò fi wú. Kò ṣòro rárá. Àlàájà ní, "Ṣé èmi ni n kò mọ̀ pé iyọ̀ ń fa omi? Nígbà òjò, iyọ̀ inú ìgò mi a máa sunkún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i." Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti ń fi ìgò iyọ̀ Àlàájà ṣàlàyé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò wa.

Ẹ̀gbọ́n ni kò tíì gbà. Ó nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. "Ẹ ó kun ara ọkọ̀, kò burú. Inú ẹ́ńjìnnì yìí ńkọ́? Omi ló ń yí káàkiri inú rẹ̀ tó ń tù ú lára, omi náà máa ń pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ṣé búrọ́ọ̀ṣì yín lè dé ibẹ̀?"

Mo ní kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó lè dé ibẹ̀. Nígbà tí mo tún wá, mo mú ìgò funfun méjì tó mọ́ gaara dání pẹ̀lú ìṣó méjì tí kò tíì dógùn-ún. Omi kan náà ni mo bù sínú ìgò méjèèjì, mo sọ ìṣó kọ̀ọ̀kan sí i. Mo wá da ìwọ̀nba oògùn kan tí mo bù wá láti iléeṣẹ́ sínú ọ̀kan, mo so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Àlàájà gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì tó fi ń tajà ní Ọjà Olúwo, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Wọ́n sọ fún mi pé ọjà kò dùn tó báyìí rí. Kó tó di ọjọ́ kejì, omi ìgò tí kò ní oògùn ti pọ́n. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ìṣó inú rẹ̀ ti hu irun pupa, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń dán bí ìgbà tí a rà á. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń ti abúlé wá wò ó. Ẹnì kan ní àlùjọ̀nnú ló wà nínú ìgò olówùú pupa. Ẹnì kan ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun, kí òun fi wẹ ẹsẹ̀ tó ń ro òun. Àlàájà ló wá ń ṣe bí agbẹjọ́rò rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ó fi ìgò náà hàn mí bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo gbé e wá. "Ó dúró. Wò ó, kò yẹ̀! Kí ló ń ṣe nínú omi yẹn?"

"Ara irin ló ń dì mọ́, mà. Ó máa ń bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú kò lè rí i. Gbogbo ibi tí omi bá dé ni òun náà ń dé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kàn án o. Májèlé ni."

"Àgbo irin ni," ó wí. "Irin nìkan ló gbọ́dọ̀ mu ún." Orúkọ tí à ń pè é nílé wa títí dòní nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí omi fà, tí òjò sì jìnnà, a wọ́ ọkọ̀ náà gorí ilẹ̀. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ ti gbà mí láyè kí n máa kó àwọn ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó kàn ní kí n máa padà wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí fún òun. Wẹ́dà kọ́kọ́ wá, ó gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, ó jó irin tuntun mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Òòlù ni a fi ń gbá ìpáàrà kúrò, a tún fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú rẹ̀, a sì fi sáńpépà pa á lára títí irin yóò fi funfun. Eruku pupa bo gbogbo wa. Àfẹ́sọ́nà mi wẹ̀ títí, ó ṣì pupa lọ́rùn lọ síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àlàájà dé ìdí iṣẹ́ pẹ̀lú àga kékeré kan àti òòlù tirẹ̀. Bó ṣe ń gbá ìpáàrà ló ń bá a wí: "Jáde! Ta ló pè ọ́? Jáde nínú ọkọ̀ mi!" Orin àdúrà tó bá wá sí i lẹ́nu lòun náà ń dá, àwa yóò sì máa gbè é.

Omi kànga tó mọ́ ni a fi fọ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe omi ọ̀sà, kí iyọ̀ má bàa kù. Nídìí ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni mo ti pàdánù àṣẹ mi fún Àlàájà. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo yá wá láti yàrá àyẹ̀wò, tó ń sọ bí ìrì bá ṣì wà lára irin. Àlàájà kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ti ń yan ẹja fún ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ ohun tó gbẹ yàtọ̀ sí ohun tó dà bíi pé ó gbẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kan irin. "Kò tíì yá," yóò wí, a ó sì tún jókòó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tó bá ní "ó yá," ẹ̀rọ mi náà yóò sọ ohun kan náà. Àwa méjèèjì wá ń fi ṣeré, à ń wò ó bóyá wọ́n lè takora lọ́jọ́ kan. Wọn kò takora rí.

Ọ̀dà àkọ́kùn wa jẹ́ aláwọ̀ eérú, eruku síńkì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo páànù kó má bàa dógùn-ún, ló kún inú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé síńkì máa ń yọ̀ǹda ara rẹ̀: bí nǹkan bá họ ọ̀dà, tí omi rọ́nà dé ibẹ̀, síńkì ni omi yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò sì fi irin sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà tí a ha irin ni a gbọ́dọ̀ kùn ún, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ funfun kì í pẹ́ dógùn-ún. Gbogbo etí àti ojú ibi tí wẹ́dà jó ni a kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fà, nítorí ọ̀dà kì í fẹ́ dúró létí, ńṣe ló máa ń sá kúrò níbẹ̀.

Ọ̀dà tó tẹ̀ lé e ló dá eré sílẹ̀. Alágolo méjì ni: a ó po ohun inú méjèèjì pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, bí a bá sì ti pò ó, ó ti di wàràwàrà nìyẹn, yóò dì bí òkúta. Mo sọ fún gbogbo wọn. Mo wá pò ó, ó kún àgolo ńlá kan bámúbámú, ni ládàánì bá pe ìrun Alaásárì. Gbogbo wa lọ kírun. Nígbà tí a kí i tán, Àlàájà ní oúnjẹ ti délẹ̀, kí a tètè fi nǹkan panu. Ẹja òbòkún tútù ló wà nínú ọbẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó lè tètè jẹ òbòkún tútù.

Nígbà tí a padà, èéfín ń rú lẹ́nu àgolo náà. Ó gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Búrọ́ọ̀ṣì dúró gbọningbọnin láàárín rẹ̀ bí igi tí wọ́n gbìn. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì mú láti fà á yọ, àgolo àti ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló jọ gbéra nílẹ̀ pọ̀.

Mo ti fẹ́ sunkún nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan. Àlàájà ni. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu itan rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ọbẹ̀... ọbẹ̀ tí a kò tètè sọ̀ kalẹ̀!" ló ń wí, ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ́ parí. Ẹ̀rín náà ran Ẹ̀gbọ́n, ó ran àfẹ́sọ́nà mi, ó ran èmi náà. A rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi fi wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Àlàájà kọ́kọ́ pè mí ní "ìyàwó mi." Bóyá kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Èmi gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń pò ó. A kun inú, a kun abẹ́ pákó ìtẹ́lẹ̀ ju ibi gbogbo lọ, a kun ìta, wẹ́dà sì gbẹ́ ihò kékeré kan tó ní ìdérí sísàlẹ̀ ọkọ̀, kí omi ẹja lè máa rọ́nà jáde nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. A so òkúta síńkì mélòó kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ níbi tó ń wà nínú omi. Àwọ̀ aró àti funfun ni a fi parí rẹ̀, torí Àlàájà kò gba àwọ̀ mìíràn. Ẹ́ńjìnnì ló kù. Ẹ̀gbọ́n fọ inú rẹ̀ títí omi fi jáde ní funfun, ó gba ike oògùn náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fúnra òun ni yóò dà á. Àlàájà ní, "Sọ Bísímílà." Ó sọ ọ́, ó dà á. Mo kìlọ̀ fún un pé bí omi bá dín, kó má bu omi ọ̀sà sí i mọ́, omi mímọ́ tí a ti po oògùn mọ́ ni. Ó ní kí n má dààmú, pé ẹni tó bá bu omi ọ̀sà sí ẹ́ńjìnnì òun yóò wẹ ọ̀sà náà já.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ padà sómi, kò sẹ́ni tó wo ìta rẹ̀. Gbogbo wa bẹ orí sínú rẹ̀, pákó ìtẹ́lẹ̀ wà lápá kan, à ń wo ìsàlẹ̀. A dúró. Omi kò wọlé. Àlàájà fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ sókè hàn wá: ó gbẹ. Ó ní, "Alihamudulilahi. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó ní òun kò ní gba ojú títì wá gbé mi. Lọ́jọ́ yìgì, bàbá mi àti àwọn ẹbí wa dúró ní Ẹbúté Ìkòròdú láàárọ̀, wọn kò gbà pé ó lè ṣeé ṣe, nígbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan yọ láti ìlà oòrùn, ó ń bọ̀ lórí ọ̀sà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti ìdájí ni wọ́n ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Àlàájà dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun, Ẹ̀gbọ́n ń wà á, àwọn ìyá ẹlẹ́ja méje-mẹ́jọ jókòó sẹ́yìn wọn, wọ́n ń kọ orin.

Bàbá mi, tí kò mọ ọ̀nà mìíràn lọ síbikíbi ju ojú títì lọ, rọra bọ́ sínú ọkọ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Kí ó tó jókòó, Àlàájà ti ká pákó kan sókè.

"Bàbá ìyàwó, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bẹ̀rù."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Ó gbẹ," ó wí. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ẹbí wa ni Àlàájà fi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn hàn níkọ̀ọ̀kan, bí ìyá mìíràn ṣe ń fi ẹrù ìyàwó hàn, lẹ́yìn náà ni a tó ṣí. Bí a ti ń lọ, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Irin tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi kì í jẹrà."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wọ́ ọkọ̀ náà gorí ilẹ̀ nígbàkigbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ibi tí ìdákọ̀ró bá ti họ ọ̀dà, a ó tètè ha á, a ó fọ̀ ọ́, a ó kùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a wo abẹ́ rẹ̀, a rí i pé omi ti jẹ òkúta síńkì kan débi pé kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, bẹ́ẹ̀ ni irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní àpá kankan. Mo ju síńkì náà sílẹ̀ láti so tuntun. Àlàájà ṣà á, ó gbọn yanrìn ara rẹ̀ dànù.

"O kú iṣẹ́," ó sọ fún un. "O jẹ́ ẹni rere." Ó sì fi í pamọ́ sínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti bí ọmọ méjì, mo lọ kí i ní Ọjà Olúwo. Kò rí mi. Ó ń kọ́ obìnrin kan tí agbada irin tó fi ń yan ẹja ti dógùn-ún. "Ìpáàrà kì í ti ìta wá, inú ló ti ń wá," ló ń wí. "Irin ń wá ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ni. Iyọ̀ ló ń fọ̀nà hàn án, òun ló kọ́kọ́ yẹ kó o lé lọ. Fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ. Ṣé o mọ gbígbẹ? Lẹ́yìn náà kó o fi òróró pa á, nítorí èyí, iná ló máa ń rí, ọ̀dà kò lè gbé e."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wa, ṣùgbọ́n agbada obìnrin náà yóò pẹ́ láyé. Mo dúró sẹ́yìn agbọ̀n edé títí ó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó yíjú tó rí mi, ó fi mí han obìnrin náà.

"Ìyàwó mi nìyẹn. Bi í bí irọ́ ni mo pa."

Mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì, mo ní kò sí irọ́ níbẹ̀.